Fífi apá díwọ̀n bóòtì tọ́ọ̀pù ló ń jó gásíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kejì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Láìpẹ́ yìí, ojú-ewé ọkọ̀ yín gba àwọn òǹkàwé nímọ̀ràn pé bí gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù bá jó, ìyẹn pẹlẹbẹ tó wà láàárín tọ́ọ̀pù (irin tó bo orí ẹ́ńjìnnì) àti búlọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnnì gan-an), kí wọ́n ra tuntun, kí wọ́n gbé tọ́ọ̀pù lọ fá kí ojú rẹ̀ lè tẹ́, kí mẹkáníìkì sì dè é padà kó le dáadáa. Méjì àkọ́kọ́ kò burú. Ẹ̀kẹta ni ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, ibẹ̀ náà sì ni àkọsílẹ̀ yín sáré kọjá. Ẹ kò sọ iye tí wọn yóò fún un dé, ẹ kò sọ bóòtì tí wọn yóò kọ́kọ́ mú, ẹ kò sì dárúkọ irinṣẹ́ tí wọn yóò fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń padà sí sọ́ọ̀bù lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, tí olówó ọkọ̀ á máa sọ pé ayédèrú gásíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tà fún òun. Lọ́pọ̀ ìgbà, gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹni tó de tọ́ọ̀pù ló fi apá díwọ̀n.

Ẹ́ńjìnnì kan pàtó ni màá fi ṣàlàyé, kí ọ̀rọ̀ má baà wà lófuurufú: 2AZ-FE ti Toyota, oní-lítà 2.4, èyí tó wà nínú Camry tí a ń pè ní Big Daddy àti èyí tí a ń pè ní Muscle, tó tún wà nínú RAV4 àti Highlander oní-sílíńdà mẹ́rin. Ihò sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ ní 88.5 mm. Bí awakọ̀ bá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ tí epo gbiná nínú sílíńdà kan ṣoṣo, agbára tó ń ti tọ́ọ̀pù sókè níbẹ̀ lè tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta, ó sì ń ṣẹlẹ̀ ní àìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Bóòtì mẹ́wàá péré ló ń di tọ́ọ̀pù mú mọ́ búlọ́ọ̀kù. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín wọn ní láti dá iná dúró sínú sílíńdà, kó dá omi dúró sí ọ̀nà tirẹ̀, kó sì dá ọ́ìlì dúró sí ọ̀nà tirẹ̀. Kò lè dá nìkan ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Títẹ̀ tí bóòtì bá tẹ̀ ẹ́ ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí títẹ̀ náà bá dín níbì kan, iná á rí ọ̀nà gbà níbẹ̀.

Bóòtì tọ́ọ̀pù máa ń fà gùn díẹ̀ bí a ṣe ń fún un. Bó ṣe ń wá ọ̀nà láti sún padà sí gígùn rẹ̀ àtijọ́ ló ń tẹ tọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀. Gígùn díẹ̀ yìí gan-an ni a ń wá, kì í ṣe líle lọ́wọ́. Ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan le lọ́wọ́, ọ̀tọ̀ ni kí bóòtì fà. Nínú gbogbo agbára tí a bá fi yí bóòtì, nǹkan bí ìdajì ló ń tán sí abẹ́ orí rẹ̀ níbi tó ti ń fara nu wáṣà, èyí tó ṣẹ́kù díẹ̀ kó tó ìdajì ń tán sí ara tírẹ́ẹ̀dì (ìlà yíyí ara bóòtì àti ihò rẹ̀), bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ń kù tó ń fa bóòtì lóòótọ́. Bí tírẹ́ẹ̀dì kan bá dípẹtà, tí èkejì ní ọ́ìlì lára, ọwọ́ á rí wọn bákan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti tẹ tọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀, ìkejì kàn ń bá ìpẹtà jà ni. Ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ kò lè fi apá mọ ìyàtọ̀ yẹn, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dá tó.

Torí èyí ni àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì fi pín fífún sí ipele méjì. Ipele kìíní, sípánà tọ́ọ̀kì ni a fi ń ṣe é, èyí tó ní òṣùwọ̀n lára tó sì máa ń dún kẹ̀ bó bá dé iye tí a yàn fún un. Ìwé Toyota fún 2AZ-FE inú Camry Muscle sọ pé 70 N·m (òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń yí nǹkan). Àwọn ìwé ti Big Daddy àkọ́kọ́ sọ pé 79. Ipele kejì kò ní iye agbára nínú rárá: kí a yí bóòtì kọ̀ọ̀kan ní dígírì 90 sí i, ìyẹn ìdá mẹ́rin òbírí kan. Àlàfo tírẹ́ẹ̀dì bóòtì ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́ 1.5 mm, ìyẹn ni pé òbírí kan ń mú bóòtì wọlé ní 1.5 mm, nítorí náà ìdá mẹ́rin òbírí jẹ́ 0.375 mm. Ìwọ̀n yẹn kò ní dín torí pé tírẹ́ẹ̀dì gbẹ, kò sì ní pọ̀ torí pé ọ́ìlì wà níbẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni. Ẹ fi wé ti Corolla oní-lítà 1.8 tó ní ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE: 49 N·m ni tirẹ̀, lẹ́yìn náà dígírì 90. Ẹni tó bá gbé iye Camry lọ sára Corolla ti fà á jù kó tó dé ipele kejì rárá.

Àṣìṣe kan tún wà tó ń ba àwọn tó ra sípánà tọ́ọ̀kì pàápàá jẹ́. Òṣùwọ̀n méjì ló sábà máa ń wà lára rẹ̀, N·m níhà kan, ft-lb níhà kejì. 70 N·m jẹ́ 52 ft-lb. Bí ẹnìkan bá ka 70 sí ìhà ft-lb, ó ti fún bóòtì dé nǹkan bí 95 N·m, á sì tún fi dígírì 90 lé e. Bóòtì á já, tàbí kó fa tírẹ́ẹ̀dì búlọ́ọ̀kù jáde. Kí a fi bébà lẹ̀mọ́ sí ìhà tí a kì í lò kò ná ni ní kọ́bọ̀.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà, kó kọ́kọ́ dá a lójú pé gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó lóòótọ́. Àwọn àmì rẹ̀ kò fara sin: omi rẹ́díétọ̀ tó ń dín tí ẹnikẹ́ni kò rí ibi tó ń jò sí, èéfín funfun tó ń rùn dùn-ún-dùn-ún tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ọ̀pá ọ́ìlì tí ọ́ìlì ara rẹ̀ ti di mílíìkì, ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n láàárọ̀ torí omi ti sẹ̀ sínú sílíńdà kan mọ́jú, ọ́ọ̀sì òkè rẹ́díétọ̀ tó le gbagidi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a ṣíná, nígbà tí omi inú rẹ̀ ṣì tutù. Bí a bá yọ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ọ̀kan mọ́ féfé bí ẹni fọ̀ ọ́, sílíńdà yẹn ń mu omi. Bí a bá wọn ìtẹ̀ inú sílíńdà tí méjì tó fara kanra sì dínkù pa pọ̀, àárín àwọn méjèèjì ni gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan o: bí omi rẹ́díétọ̀ bá di mílíìkì aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sì mọ́, ọ́ìlì jíà ọkọ̀ aláìní-kílọ́ọ̀ṣì (ọ̀tọ̀máátíìkì) ló wọnú omi láti inú rẹ́díétọ̀. Rẹ́díétọ̀ ni a ó pààrọ̀, a kò ní tú tọ́ọ̀pù.

Fún 2AZ-FE, àmì mìíràn wà tí olówó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹ mú iná tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, lápá ibi tó kọjú sí awakọ̀, níbi tí tọ́ọ̀pù ti pàdé búlọ́ọ̀kù. Bí omi bá ń rin jáde níbẹ̀, tí kúláǹtì (oògùn omi rẹ́díétọ̀) ti gbẹ sára irin tó fi àwọ̀ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì má ṣe ohun tó kú gan-an. Tírẹ́ẹ̀dì búlọ́ọ̀kù ló ti fà jáde. Alumíníọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù yìí, láínà sílíńdà (ẹ̀wù inú ihò sílíńdà) nìkan ni irin. Alumíníọ̀mù máa ń wú tó ìlọ́po méjì irin bí ooru bá mú un. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná kọjá ààlà, tọ́ọ̀pù á nípọn sí i, bóòtì irin kò ní gùn tó o, gbogbo ìfà náà á sì dà sórí tírẹ́ẹ̀dì alumíníọ̀mù. Nínú àwọn 2AZ-FE àkọ́kọ́, gígùn tírẹ́ẹ̀dì yẹn kò ju 24 mm lọ. Toyota fúnra wọn padà sọ ọ́ di 30 mm. Ihò bóòtì mẹ́ta tó wà láàárín ní ọwọ́ ẹ̀yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ara wọn. Ẹni tó bá ra gásíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin fún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ti fowó ra gásíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, kò tíì ṣe àtúnṣe kankan.

Ní ti títú, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀ torí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì mọ̀ ọ́n. Kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Tọ́ọ̀pù alumíníọ̀mù tí a tú nígbà tó gbóná máa ń tẹ̀. Kí a ya orí bátìrì, kí a da omi àti ọ́ìlì nù, kí a sàmì sí ṣéènì àti jíà káàmù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) kí a tó yọ wọ́n. Ojú bóòtì tọ́ọ̀pù 2AZ-FE kì í ṣe èyí tí alẹ́ǹkíì lásán ń wọ̀: igun méjìlá ló ní nínú, ìwọ̀n 10 mm. Alẹ́ǹkíì oníigun mẹ́fà á jẹ ojú rẹ̀, iṣẹ́ wẹ́dà á sì kàn. Bí a ti ń tú u ṣe pàtàkì bí ìgbà tí a ń dè é: láti àwọn igun wá sí àárín, díẹ̀díẹ̀, kí a yí gbogbo wọn po lẹ́ẹ̀kan kí a tó padà sí ẹni àkọ́kọ́. Bí bóòtì kan bá yọ lọ́wọ́ wẹ́rẹ́, tí alumíníọ̀mù sì yí mọ́ tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ẹ ti rí ọ̀daràn.

Fífọ ojú búlọ́ọ̀kù ni ibi tí ìkánjú ti ń pa ẹ́ńjìnnì. Gíráíńdà oní-dísìkì kì í ṣe irinṣẹ́ ibẹ̀. Ó ń gbẹ́ kòtò tí ojú kò lè rí, eruku rẹ̀ á sì wọ ọ̀nà ọ́ìlì lọ jẹ bíárì kráǹkì (ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì). Ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í kànlẹ̀kùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì ní ọ́ìlì ni kò dáa. Ike tó mú ní etí, kẹ́míkà tó ń tú gásíkẹ́ẹ̀tì, àti sùúrù ni. Kí a ki àkísà mímọ́ sínú sílíńdà àti sẹ́nu gbogbo ihò omi àti ọ́ìlì kó tó di pé a bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ fífá. A kì í fá tọ́ọ̀pù láìwọ̀n ọ́n. Irin gígùn tó gún régé àti fílà géèjì (ewé irin tín-ín-rín tí a fi ń wọn àlàfo) ni a fi ń wọ̀n ọ́n, lójú ọ̀nà mẹ́fà: ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì, ìbú méjèèjì, àti ìdábùú láti igun sí igun méjèèjì. Òpin tí Toyota fi sílẹ̀ fún ojú tó kan búlọ́ọ̀kù jẹ́ 0.05 mm. Bí ewé fílà 0.05 bá wọ abẹ́ irin náà níbikíbi, ó ti tẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ni pé búlọ́ọ̀kù náà lè tẹ̀, kí wọ́n fi irin kan náà wọn òun náà. Tọ́ọ̀pù títẹ́ tí a gbé lé búlọ́ọ̀kù tí kò tẹ́ kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí a kò ṣe. Gásíkẹ́ẹ̀tì òde òní sì jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a tò léra wọn. Ojú dídán ló fẹ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó rọ̀ lè bo àpá ọ̀bẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, èyí kò lè ṣe é. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi fá a bá fi ìlà sílẹ̀ tí èékánná ń mú, ẹ dá a padà. Ẹni tó bá fá púpọ̀ jù ti mú ìtẹ̀ inú sílíńdà ga, ẹ́ńjìnnì á máa ta, fáàfù á sún mọ́ písítìnnì, ṣéènì á sì dẹ̀. Kí wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ dán tọ́ọ̀pù wò nínú omi bóyá ó ti sán, pàápàá láàárín ìjókòó fáàfù, kí wọ́n tó gba owó fífá.

Ihò bóòtì ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀ mọ́ àwọn òǹkàwé yín létí jù lọ. Ìdí wọn dí. Bí omi tàbí ọ́ìlì bá kù nínú ihò kan, tí a sì ń fi bóòtì dì í, omi kò ní ibi tí yóò gbà. Kò sì ṣeé tẹ̀ kéré. Agbára sípánà á dà sára búlọ́ọ̀kù, búlọ́ọ̀kù á sì sán. Bí kò bá sán, sípánà á dún kẹ̀ lórí omi, a ó rò pé bóòtì ti fún, tọ́ọ̀pù kò sì tíì mọ̀ pé a dè é. Kí a fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ihò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kí a bo ojú wa nígbà tí a bá ń ṣe é, kí a ki wáyà tí a fi òwú wé bọ̀ ọ́ láti rí i pé ó gbẹ. Irin tí a fi ń fọ tírẹ́ẹ̀dì ni ká ki bọ̀ ọ́, kì í ṣe tápù (irin tó ń gé tírẹ́ẹ̀dì) tuntun tó mú, torí tápù á tún gé díẹ̀ lára alumíníọ̀mù tí kò tó tẹ́lẹ̀.

Ká wá sọ ti bóòtì fúnra rẹ̀. Bóòtì tí a ti yí dígírì 90 lẹ́yìn tọ́ọ̀kì ti fà, kì í padà sí gígùn rẹ̀ pátápátá. Ìwé sọ pé bóòtì 2AZ-FE tuntun wà láàárín 161.3 sí 162.7 mm, tó bá ti ju 164.2 mm lọ, kó di irin àlòkù. Ẹni tó ní fáníà (irinṣẹ́ tó ń wọn gígùn) lè wọ̀n ọ́n. Ní tèmi, mẹ́wàá tuntun ni kí olówó ọkọ̀ rà. Owó bóòtì kò tó owó iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì. Bóòtì tòkunbọ̀ láti Ládípọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ iye ìgbà tí wọ́n ti fà á kò ní ibi tó wúlò sí nínú iṣẹ́ yìí. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí a fi pa tírẹ́ẹ̀dì àti abẹ́ orí bóòtì, kí wáṣà rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Gírísì kọ́, gọ́ọ̀mù sì kọ́.

Gọ́ọ̀mù náà ń kọ́? Gásíkẹ́ẹ̀tì gbígbẹ ni a ń gbé lé búlọ́ọ̀kù. Àmì nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára ni yóò kọjú sókè, ihò rẹ̀ á sì bá ihò omi àti ti ọ́ìlì mu. Ibi méjì níwájú, níbi tí ìdérí ṣéènì ti pàdé búlọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù, ni Toyota ti ní kí a fi gọ́ọ̀mù díẹ̀. Àwọn tó ń fi gọ́ọ̀mù kun gbogbo gásíkẹ́ẹ̀tì títí tó fi pọ́n tàbí dúdú ń ṣe ojú ayé. Gọ́ọ̀mù tó bá ṣẹ́kù á já wọnú omi, á lọ dí ọ̀nà rẹ́díétọ̀, ẹ́ńjìnnì á tún gbóná, a ó tún padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn méjì ni kó gbé tọ́ọ̀pù kalẹ̀ tààrà. A kì í wọ́ ọ lórí gásíkẹ́ẹ̀tì.

Wàyí o, dídè. Bóòtì méjì àárín ni à ń kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà ká máa tàn jáde sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìdábùú. A kì í dé 70 N·m lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ lọ yí ká dé 30, ẹ tún yí ká dé 50, kí ẹ wá parí rẹ̀ sí 70. Kí ọwọ́ máa fà lọ geere títí sípánà á fi dún lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń tún un dún lẹ́ẹ̀mẹta kó lè dá a lójú ń fi kún un ni. Bí gbogbo wọn bá ti dé 70, kí a fi ọ̀dà funfun kán àmì kan sí etí orí bóòtì kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo àmì náà kọjú síwájú ẹ́ńjìnnì. Ká gbé sípánà tọ́ọ̀kì sílẹ̀, ká mú ọ̀pá gígùn, ká yí bóòtì ní ìtò kan náà títí àmì á fi kọjú sí ẹ̀gbẹ́. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà. Kò sí ìdí láti rántí èyí tí a ti yí àti èyí tí a kò tíì yí. Ọ̀dà ló ń rántí.

Etí àti ọwọ́ ní iṣẹ́ tiwọn níhìn-ín. Bóòtì tó dára máa ń le sí i bí ó ṣe ń yí. Bí ọ̀kan bá ń yí tí kò le sí i, tàbí tó le díẹ̀ tó tún rọ̀, ẹ dúró. Tírẹ́ẹ̀dì ń fà jáde. Bí ẹ bá ń bá a lọ torí pé ilẹ̀ ti ṣú tí olówó ọkọ̀ sì ń dúró, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun yẹn ti jó nígbà tí ẹ kò tíì ṣíná.

Àtúnṣe tírẹ́ẹ̀dì wà, ó sì ń pẹ́. Búṣì irin oní-tírẹ́ẹ̀dì M11 × 1.5 (fífẹ̀ 11 mm, àlàfo tírẹ́ẹ̀dì 1.5 mm) ni wọ́n ń fi sí i. Wọ́n á de irin atọ́nà mọ́ ojú búlọ́ọ̀kù kí ẹnu dírílì má baà wọ́, wọ́n á gbẹ́ ihò náà fẹ̀, wọ́n á gé tírẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á wá de búṣì náà mọ́ ọn. Fífi ọwọ́ di dírílì mú láìsí atọ́nà kò ṣeé ṣe. Bí ihò bá fì síbì kan, bóòtì á fì, orí rẹ̀ kò ní jókòó. Ọwọ́ ẹ̀yìn sún mọ́ ara ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ó sàn kí a sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Bí a bá ti ń ṣe mẹ́ta, ẹ jẹ́ ká ṣe mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Àwọn méje tó kù, ooru kan náà ló ti bá wọn jà. Àwọn tó ń da áyọ́nù gọ́ọ̀mù sínú ihò kí wọ́n tó ki bóòtì bọ̀ ọ́, tàbí tí wọ́n ń wá bóòtì tó nípọn jù ú lọ, mo fẹ́ kí ojú-ewé yín sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀tàn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ irú ti ọdún kan náà tí a fi rọ́pò rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò: tírẹ́ẹ̀dì 24 mm yẹn ló wà nínú òun náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà iṣẹ́ máa ń sọ, pé kí a wa ọkọ̀ náà lọ díẹ̀, kí a dá a dúró kó tutù, kí a tún bóòtì fún. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣàìnídìí. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975 ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn níṣẹ́, gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí ooru bá kọ́kọ́ mú un. Ẹ̀kọ́ tó tún wà nínú 504 ni pé láínà rẹ̀ jókòó sínú omi, ẹni tó bá yí kráǹkì nígbà tí tọ́ọ̀pù ti kúrò láìdi láínà mú ti gbé e sókè, ìdí rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ọkọ̀ rere ni. Àmọ́ 2AZ-FE kì í ṣe 504. Bóòtì tí a ti yí dígírì 90 kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún kàn án. Ẹni tó bá tún un fún ti fà á kọjá ibi tí wọ́n ní kó dé.

Kí a tó ṣíná, ohun tó mú kí ẹ́ńjìnnì gbóná gan-an ni kí a wá. Gásíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣàdéédé jó. Ṣé fáànù ń ṣiṣẹ́ nínú gosílóò? Ṣé rẹ́díétọ̀ ti dí? Ṣé pọ́ńpù omi ń jò? Ìdérí rẹ́díétọ̀ tí rọ́bà rẹ̀ ti kú kò lè di ìtẹ̀ mú. Omi tí ì bá dé nǹkan bí 120°C kó tó hó á bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní 100. Tàmósítáàtì ńkọ́, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná? Ó yẹ kó ṣí ní nǹkan bí 82°C. Ìwà yíyọ tàmósítáàtì sọ nù pé ọkọ̀ ilẹ̀ olóoru kò nílò rẹ̀ kò dára rárá: ẹ́ńjìnnì kì í dé ooru tó yẹ ẹ́, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á máa tú epo sí i, epo á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà, rẹ́díétọ̀ tó ń dí lọ á sì fara pamọ́ títí di ọjọ́ tí kò ní lè fara pamọ́ mọ́. Ẹ fi tuntun síbẹ̀. Kúláǹtì àti omi tí a sè, tí a gba ooru tó rú jáde lára rẹ̀ padà sí omi (distilled water), ìdajì-ìdajì, ni kí a dà sí i, kì í ṣe omi kànga. Bí ọ́ìlì bá ti di mílíìkì, kí a lo ọ́ìlì kan fi fọ̀ ọ́ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a dà á nù, kí a pààrọ̀ fílítà, kí a tó fi ọ́ìlì gidi sí i. Kí a ṣí ìdérí rẹ́díétọ̀ sílẹ̀ kí a tó ṣíná, nígbà tó tutù, kí ẹ́ńjìnnì máa dúró ṣiṣẹ́, kí hítà inú ọkọ̀ wà ní títàn, kí a máa tẹ ọ́ọ̀sì kí afẹ́fẹ́ lè jáde, títí fáànù á fi dá ara rẹ̀ tan.

Olóòtú, ohun méjì ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, NATA, ka lẹ́tà yìí, kí sọ́ọ̀bù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà lójú kan dáwó jọ ra sípánà tọ́ọ̀kì kan, kí wọ́n má sì ṣe frídọ́ọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì fi í de tọ́ọ̀pù lójú ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn lílò, kí a dá òṣùwọ̀n rẹ̀ padà sí ìsàlẹ̀ kó tó wọnú àpótí, kí a má sì fi tú bóòtì láéláé.

Èkejì ni pé kí ojú-ewé ọkọ̀ yín tún ọ̀rọ̀ yẹn kọ, kó fi iye sí i. Kí ó sọ fún olówó ọkọ̀ pé kí ó bèèrè bóòtì àtijọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kó sì ní kí mẹkáníìkì fi fóònù ya fọ́tò orí bóòtì tuntun kó tó dé ìdérí òkè padà, kí àmì ọ̀dà funfun mẹ́wẹ̀ẹ̀wá hàn, kí gbogbo wọn sì kọjú síbì kan náà.

Èmi ni,
Mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì,
Ìbàdàn.